Orí Kẹfà: Àwọn Tí Wọ́n Pè Ní Aláìwẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì déédéé yóò kan "the great unwashed" lọ́jọ́ kan. Yóò dúró, yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó mọ "great": ńlá ni. Ó mọ "wash": kí èèyàn wẹ̀, tàbí kó fọ nǹkan. "Un" tó wà níwájú rẹ̀ ń sọ pé wọn kò ṣe é. Bó bá to gbogbo rẹ̀ léra bí ẹní to búlọ́ọ̀kù, ohun tí yóò bọ́ sí i lọ́wọ́ ni "àwọn ẹni ńlá tí kò wẹ̀", ọkàn rẹ̀ yóò sì lọ sọ́dọ̀ àwọn ìjòyè kan tí wọ́n jí tí wọn kò yà sí balùwẹ̀. Ó ti ṣìnà. Àwọn tí Òyìnbó ń fi gbólóhùn yìí bá wí kì í ṣe ẹni ńlá rárá. Mẹ̀kúnnù ni wọ́n: alágbàṣe, oníṣẹ́ ọwọ́, ìyá tó ń kiri ọjà, èrò inú ọkọ̀, àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè kí wọ́n tó ṣòfin lé wọn lórí. "Great" inú rẹ̀ kì í ṣe ti ọlá, ti pípọ̀ ni, bí ìgbà tí Yorùbá bá ní èrò pọ̀ rẹpẹtẹ.

Ẹ̀gàn inú àkànlò èdè yìí kò fara sin. Ẹni tó bá lò ó ń sọ pé àwọn èèyàn wọ̀nyẹn pọ̀, ó ń sọ pé wọ́n dọ̀tí, ó sì ń sọ ohun kan sí i láìla ẹnu: pé òun kò sí lára wọn. Ìtumọ̀ kẹta yìí kì í sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè púpọ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀pá tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Bí a bá mú un kúrò, ọ̀rọ̀ nípa ìwẹ̀ lásán ló kù.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó nínú gbólóhùn náà ń tú àṣírí rẹ̀. "The" kì í kúrò níwájú rẹ̀. A kì í fi "s" kún "unwashed", a kì í sì í fi pe ẹnì kan ṣoṣo. Òyìnbó kò ní tọ́ka sí ọkùnrin kan tó ń bọ̀ lọ́nà kó ní "great unwashed" kan nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àgbájọ ni, ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá sì tẹ̀lé e sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀pọ̀. Àwọn kan a gé "great" kúrò kí wọ́n ní "the unwashed" lásán. Àwọn mìíràn a fi "masses" tì í lẹ́yìn. Ẹ̀gàn rẹ̀ kò dín nínú èyíkéyìí. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ni pé gbólóhùn yìí kò ní ojú. Òkèèrè ni wọ́n ti ń sọ ọ́, nípa ọ̀pọ̀ èèyàn tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò mọ orúkọ ọ̀kankan nínú wọn.

Ìwé ọdún 1830

Ibi tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí fún orísun rẹ̀ ni ìtàn àròsọ kan tó ń jẹ́ Paul Clifford, tí Edward Bulwer-Lytton gbé jáde lọ́dún 1830. Ọkùnrin náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ń tà wàràwàrà ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun náà ni òwe Gẹ̀ẹ́sì nípa kálàmù àti idà ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, nínú eré orí ìtàgé tó kọ lọ́dún 1839. Nínú lẹ́tà tó fi síwájú Paul Clifford, ó sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin kan tí wọ́n fi ẹ̀sùn méjì kàn: pé ó ń wẹ̀, pé ó sì ń gbé ìgbé ayé tó mọ́. Àwọn tó fi ẹ̀sùn náà kàn án ló pè ní "the Great Unwashed". Lẹ́tà gàdàgbà ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì, bí ẹní ń kọ oyè.

Ìwà kí a fi àìwẹ̀ dá oníṣẹ́ ọwọ́ mọ̀ ti wà tipẹ́ kó tó kan Bulwer-Lytton. Nínú eré King John, tí Shakespeare kọ ní òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ìran kan wà tí wọ́n ti ń ròyìn bí àwọn ará ìlú ṣe ń sọ̀rọ̀ ogun. Alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀, aránṣọ wà níbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ kan tó rù, tí kò sì wẹ̀, já lu ọ̀rọ̀ wọn. Kò sí orúkọ fún un. Rírù àti àìwẹ̀ ni gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Bulwer-Lytton wọni lára ni irú ìwé tó ti lò ó. Ìtàn ọmọ òrukàn kan ni, tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé ọtí. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n nítorí ohun tí kò ṣe. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti kọ́ iṣẹ́ olè. Ó di ọ̀gá àwọn dánàdánà. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, adájọ́ tó fẹ́ dá ẹjọ́ ikú fún un rí i pé ọmọ bíbí inú òun ni. Ohun tí òǹkọ̀wé náà ń tẹnu mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni pé òfin burúkú ń sọ ọmọ tálákà di olè, ìjọba náà a tún wá so ó kọ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì ti àtúnṣe òfin ìdìbò lẹ́yìn. Kì í ṣe ọ̀tá mẹ̀kúnnù, ọkùnrin náà. Ó rí ibi tí olè ti ń wá kedere. Kò béèrè ibi tí ìdọ̀tí ti ń wá.

Àgádágodo lórí ìkòkò ọṣẹ

Ìbéèrè náà ní ìdáhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1712 títí di 1853 ni ìjọba fi ń gba owó lórí ọṣẹ. Odidi ọdún 141! Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, òtòṣì tó bá ra ọṣẹ sábà máa ń san tìjọba mọ́ ọn. Àwọn aṣojú ìjọba máa ń wá sílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń se ọṣẹ. Bí iṣẹ́ bá ti parí lọ́jọ́ kan, wọn a fi ìdérí bo agbada ńlá tí wọ́n fi ń sè é, wọn a sì fi àgádágodo tì í, kí ọlọ́ṣẹ má baà dìde lóru lọ dáná sí èyí tí ìjọba kò ní gbowó lé. Ọdún tí Bulwer-Lytton ń kọ ìwé rẹ̀, àgádágodo yẹn ṣì wà lórí ìdérí. William Gladstone, tó jẹ́ mínísítà ìṣúná, ló fòpin sí owó náà lọ́dún 1853.

Ọṣẹ nìkan kọ́. Omi náà wọ́n. Nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀rọ gbilẹ̀ ní Manchester, Leeds àti Liverpool, àwọn èèyàn ya kúrò lóko wá sígboro, àwọn onílé sì kọ́ ilé gbọ́ngbọ́n tó fẹ̀yìn ti ara wọn, tí kò ní fèrèsé lẹ́yìn, tí kò ní balùwẹ̀, tí ilé púpọ̀ ń pín ṣáláńgá kan. Ẹ̀rọ omi kan ló wà fún agbo ilé, ilé iṣẹ́ aládàáni ló sì ni ín. Wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i lójúmọ́. Àdúgbò mìíràn wà tí omi kì í yọ lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kan ṣoṣo tí òṣìṣẹ́ ní láti simi, láti fọṣọ, láti wẹ̀. Obìnrin tó bá fẹ́ bu omi yóò tò pẹ̀lú korobá. Omi tó bá gbé délé, ibẹ̀ ni wọn yóò ti mu, tí wọn yóò ti sebẹ̀, tí wọn yóò ti fọ aṣọ ọmọ. Èyí tó bá kù ni ti ìwẹ̀. Èédú tí wọn yóò fi gbé e kaná lórí òtútù ibẹ̀, owó ni.

Lọ́dún 1842, Edwin Chadwick gbé ìwádìí rẹ̀ lórí ìmọ́tótó ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ náà jáde. Ó ṣírò ọjọ́ orí tí àwọn èèyàn fi ń kú, ó sì pín in sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Ní Liverpool, bí a bá dá ọjọ́ orí gbogbo òkú àwọn ìdílé ọlọ́lá pọ̀ tí a pín in dọ́gba, ó jẹ́ ọdún 35. Ti àwọn oníṣòwò jẹ́ 22. Ti àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ 15. Kì í ṣe pé àgbàlagbà òṣìṣẹ́ kò sí. Ọmọdé tí wọ́n ń sin ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí náà ló ń pa wọ́n lọ́mọ.

Ní ìlú Liverpool yìí kan náà ni Kitty Wilkinson gbé. Ọmọ Derry ní Ireland ni, a bí i lọ́dún 1786, ó sì ti ṣe iṣẹ́ ilé kiri lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí àìsàn onígbáméjì jà ní 1832, ilé rẹ̀ ní Denison Street nìkan ló ní ìkòkò ńlá tí wọ́n mọ ààrò sí lábẹ́, tí èèyàn lè fi gbé omi púpọ̀ kaná. Ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn aládùúgbò. Kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀, bí àwọn àgbà wa ṣe ń pe pẹ́nì àtijọ́, ni wọ́n ń san. Wọ́n ń kó aṣọ àti ìbora àwọn tí àìsàn mú wá, òun àtàwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ a sè é nínú omi gbígbóná pẹ̀lú oògùn apakòkòrò. Ẹni tó ń dúró ti ìkòkò ń fi ọwọ́ kan aṣọ tí ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1842, ìjọba ìlú Liverpool ṣí ilé ìwẹ̀ àti ilé ìfọṣọ gbogboogbò sí Frederick Street, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ nílẹ̀ náà, wọ́n sì wá fi Kitty àti ọkọ rẹ̀ ṣe alábòójútó rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Òfin ọdún 1846 ló fún àwọn ìlú yòókù láṣẹ láti kọ́ tiwọn. Ère Kitty wà nínú St George's Hall ní Liverpool lónìí. Ọdún 2012 ni wọ́n gbé e síbẹ̀, láàárín ère àwọn ọkùnrin tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́.

Níbi tí wọ́n ti pèsè omi gbígbóná, tí ọṣẹ kò sì gbowó lórí, àwọn "aláìwẹ̀" tò wá wẹ̀. Owó ìwọlé ni wọ́n san. Kò sẹ́ni tó fi pàṣán lé wọn wọlé.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ yìí kan ilẹ̀ wa ju bí òǹkàwé ṣe lè rò lọ. Lẹ́yìn tí òfin ọdún 1807 fòpin sí òwò ẹrú lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníṣòwò Liverpool tí ọkọ̀ wọn ti ń gbé èèyàn rí yíjú sí epo pupa. Bonny àti Calabar ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń rà á jù. Nígbà tó yá, Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah náà wọ òwò náà gidigidi. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo tó ń gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ju 20,000 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún. Wọ́n ń fi ṣe àbẹ́là, wọ́n ń fi pa ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin kó má baà gbóná, wọ́n sì ń fi se ọṣẹ. Àwọn obìnrin tó wọ inú kòtò epo nílẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn sísè títí epo yóò fi léfòó, tí ọ̀mùnú epo náà dé wọn ní orúnkún, wà lára àwọn tó wẹ òṣìṣẹ́ Manchester mọ́. Àwọn obìnrin náà kò mọ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ náà kò sì mọ̀ wọ́n. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi àdín àti eérú sè ni àwọn obìnrin náà fi ń wẹ̀ ní tiwọn. Lọ́dún 1884 ni William Lever bẹ̀rẹ̀ Sunlight, ọṣẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n wé ní bébà, tí òṣìṣẹ́ lè rà lówó pọ́ọ́kú; lọ́dún 1923, ilé iṣẹ́ rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí Èkó.

Ẹlẹ́dẹ̀, aláìwẹ̀, àti ẹni tó gba orúkọ náà

"The great unwashed" kò dá wà. Òyìnbó ní orúkọ ẹ̀gàn fún mẹ̀kúnnù lọ jàra. "Hoi polloi" wá láti èdè Gíríìkì, "ọ̀pọ̀ èèyàn" lásán ló sì túmọ̀ sí níbẹ̀. Ẹ̀gàn tó wà lára rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kún un. "Mob" jẹ́ gégékúrú gbólóhùn Látìn kan fún èrò tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan, òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n sì gé e. "Riff-raff" wá láti Faransé àtijọ́. Èyí tó dá ìjà sílẹ̀ jù ni ti Edmund Burke, tó bínú sí àwọn tó dojú ìjọba Faransé dé, tó sì fi ọ̀pọ̀ èèyàn wé ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìwé tó kọ lọ́dún 1790.

Èsì tí ó gbà yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Thomas Spence, tó ń ta ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà olówó pọ́ọ́kú lọ́dún 1793 fún àwọn òṣìṣẹ́, ó sì pè é ní Pigs' Meat: oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ kọ́ mẹ̀kúnnù nípa ẹ̀tọ́ wọn ló ń tẹ̀ síbẹ̀. Daniel Isaac Eaton náà gbé tirẹ̀ jáde, ó sì fi omi ìdọ̀tí tí wọ́n ń bu fún ẹlẹ́dẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ìjọba gbé àwọn méjèèjì rè kóòtù. Bí Burke bá ní ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn, ó dáa, ẹlẹ́dẹ̀ ń kàwé.

"The great unwashed" náà rí ẹni gbà á lọ́wọ́ ọlọ́lá. Orúkọ rẹ̀ ni Thomas Wright, òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí kì í fi orúkọ ara rẹ̀ sórí ìwé. "The Journeyman Engineer" ló ń pe ara rẹ̀, ìyẹn oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbowó iṣẹ́. Ọdún 1867 ni òfin fún púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìgboro lẹ́tọ̀ọ́ ìdìbò. Ní ọdún 1868, Wright gbé ìwé jáde tó pè ní The Great Unwashed gan-an. Ó kọ nípa ilé iṣẹ́, nípa ilé àyágbé, nípa ohun tí òṣìṣẹ́ ń kà, nípa ohun tó ń bí i nínú. Ohun tó sì ń tẹnu mọ́ ni pé kò sí ohun tó ń jẹ́ òṣìṣẹ́ ní àpapọ̀ bí àwọn olówó ṣe ń rò ó: oníṣẹ́ ọwọ́ tó kọ́ṣẹ́ yàtọ̀ sí alágbàṣe, àgbà yàtọ̀ sí ọ̀dọ́, ọ̀mùtí yàtọ̀ sí ẹni tí kì í mu. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fún gbólóhùn tí kò ní ojú ní ojú púpọ̀.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú ayé wa. Ní oṣù September ọdún 2016, Hillary Clinton, tó ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, sọ níbi ìkówójọ kan ní New York pé ìdajì àwọn tó ń ti Donald Trump lẹ́yìn ni a lè kó sínú apẹ̀rẹ̀ àwọn ẹni ìtìjú, "basket of deplorables". Lọ́jọ́ kejì ó ní òun kábàámọ̀ pé òun sọ pé ìdajì. Ó ti bọ́. Láìpẹ́, àwọn tó bá wí ti ń wọ "deplorable" sáyà, lára àwọn ṣẹ́ẹ̀tì àti fìlà. Òṣèlú Spence àti òṣèlú àwọn yìí kò jọra rárá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn jọra.

Ẹni tó wo ìdí ẹ̀gàn yìí jinlẹ̀ jù ni George Orwell. Ó rìnrìn àjò lọ sí àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1936, ó sì gbé The Road to Wigan Pier jáde lọ́dún 1937. Ó jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ òun, ọmọ ilé oníṣẹ́ ìjọba, pé ara òṣìṣẹ́ ń rùn. Ó ní èèyàn lè fi ọgbọ́n orí ṣẹ́gun ìyàtọ̀ ẹ̀sìn tàbí ti ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti kọ́ imú láti kékeré ṣòro láti fà tu. Nínú ìwé yìí kan náà, ó wọ inú ihò èédú, ó sì bá àwọn awakùsà délé. Ilé wọn kò ní balùwẹ̀. Gbogbo omi tí wọn yóò lò, orí iná ìdáná ni yóò ti gbóná. Awakùsà a jókòó níwájú iná pẹ̀lú ọpọ́n irin kékeré, a fọ ojú, ọrùn, apá àti àyà; ìyàwó rẹ̀ a bá a ha ẹ̀yìn. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, èédú náà wà níbẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí. Ọ̀pọ̀ ibi ìwakùsà ni wọn kò tíì kọ́ ilé ìwẹ̀ sí ẹnu ihò rẹ̀. Èédú tí ọkùnrin náà wà jáde ló ń gbé omi ìwẹ̀ kaná nílé àwọn tó ní ó ń rùn.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó lónìí

Lónìí, ẹni tó bá fi ìbínú pe aládùúgbò rẹ̀ ní "the great unwashed" ní gbangba, ara rẹ̀ ló dójú tì. Gbólóhùn náà ti di ti ẹ̀fẹ̀. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn bàálù níbi ìjókòó olówó pọ́ọ́kú lè sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà níwájú pé òun wà pẹ̀lú "the great unwashed". Ara rẹ̀ ló fi ń ṣeré. Ẹni tó ń kọ̀wé lòdì sí ilé ìtàgé tó wọ́n jù lè ní àwọn tó ni ín kò fẹ́ kí "the great unwashed" wọlé. Ẹnu àwọn olówó ló fi ọ̀rọ̀ náà sí, àwọn náà ló sì ń bá wí. Bí olóṣèlú bá sọ ọ́ nípa olùdìbò nígbà tó rò pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti kú, ìyẹn kì í ṣe eré mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹni tó sọ ọ́ àti ibi tó dúró sí ló yí i padà. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fi gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ láìkọ́kọ́ wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Bí a ó ṣe pè é ní Yorùbá

"Mẹ̀kúnnù" ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí olùtúmọ̀ lẹ́nu, ó sì sábà máa ń jẹ́ àṣìṣe. Mẹ̀kúnnù kì í ṣe èébú. Àwọn olóṣèlú wa ń bẹ mẹ̀kúnnù, oníròyìn ń gbèjà mẹ̀kúnnù, èèyàn ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé mẹ̀kúnnù ni òun. "Tálákà", tó ti ọ̀dọ̀ Haúsá wọlé, sọ nípa àìlówó, àánú sì wà nínú rẹ̀. Èyí tó súnmọ́ ẹ̀gàn náà ni "gbáàtúẹyọ̀": ẹni tí kò já mọ́ nǹkan, tí a kì í kà kún. Pípọ̀ wà nínú rẹ̀, fífojú tẹ́ńbẹ́lú wà nínú rẹ̀. Ìdọ̀tí nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ìdọ̀tí wà nínú "ọ̀bùn", ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni èdè méjèèjì ti pín yà. Ìwà ẹnì kan ni Yorùbá ń pè ní ọ̀bùn. Olówó lè jẹ́ ọ̀bùn. Ìyàwó baálẹ̀ lè jẹ́ ọ̀bùn. Nínú òwe, ọ̀bùn ríkú ọkọ ó tìrànmọ́, ó ní ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú ni òun kò ti wẹ̀: obìnrin kan ni wọ́n ń bá wí, wọn kò bá gbogbo opó wí. Àgbẹ̀ tó ti oko dé pẹ̀lú erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀ kì í ṣe ọ̀bùn lójú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ló ti ń bọ̀, odò sì wà lọ́nà. Kí a kó odidi ìpín kan nínú ìlú kí a ní ọ̀bùn ni gbogbo wọn, èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Èyí kò sọ pé Yorùbá kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú ara wọn. Ibùgbé ni wọ́n ń fi ṣe é ní tiwọn. "Ará oko" di èébú lẹ́nu ará ìgboro. Lẹ́nu ará Èkó, "ará òkè" kò fìgbà gbogbo dùn-ún gbọ́ létí ẹni tó ti ìlú mìíràn wá.

Olùtúmọ̀ yóò wá fi ọwọ́ méjì mú un. Bí ọlọ́lá inú ìtàn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bá ń fi ọ̀pọ̀ èèyàn ṣẹ̀sín, "àwọn ọ̀bùn gbáàtúẹyọ̀" gbé e: ìdọ̀tí wà níbẹ̀, àìjámọ́ǹkan wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tó jókòó sẹ́yìn bàálù tó ń fi ara rẹ̀ ṣeré ni, "àwa gbáàtúẹyọ̀ tá a wà lẹ́yìn níbí" yóò pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ oníròyìn tó ń fi ẹnu àwọn olówó sọ̀rọ̀ ni, àmì àyọlò gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, tàbí kí olùtúmọ̀ fi "àwọn tí wọ́n kà sí" ṣíwájú, kí ẹ̀gàn náà má baà di ti oníròyìn.

Àkọlé ìwé Thomas Wright ló le jù. Bí a bá pè é ní "Àwọn Mẹ̀kúnnù", a ti gba ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó mọ̀ọ́mọ̀ yan èébú ni. Bí a bá pè é ní "Àwọn Ọ̀bùn Gbáàtúẹyọ̀", a ti sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn tó ń bú wọn. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ tó fi ibi tí òǹkọ̀wé dúró hàn. Orúkọ "Journeyman Engineer" tó wà lábẹ́ àkọlé náà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún òǹkàwé ọdún 1868. Ní Yorùbá, fáwẹ́lì kan ṣoṣo ti tó láti ṣe é: Àwa Ọ̀bùn Gbáàtúẹyọ̀.